Ìrékọjá àbí Ọjọ́ Ètùtù: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Fi Kọ́ni Nípa Ìdáríjì Ẹ̀ṣẹ̀?

Bí wọ́n bá ní kí olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ṣàlàyé bí Ísírẹ́lì àtijọ́ ṣe ń rí ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ gbà, Ẹ́kísódù orí 12 ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ máa ń sáré lọ. Kò yani lẹ́nu. Ìtàn Ìrékọjá dùn-ún sọ: òru, ẹ̀jẹ̀ lára ilẹ̀kùn, igbe ní gbogbo ilẹ̀ Íjíbítì, Fáráò tó ń bẹ Mósè pé kí wọ́n tètè máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ka orí yẹn láti òkè délẹ̀, ẹ ò ní rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìdáǹdè, ìdájọ́ lórí àwọn òrìṣà Íjíbítì, àti bí ilé kan ṣe yàtọ̀ sí èkejì lóru ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ gan-an wà ní Léfítíkù orí 16, orí Ọjọ́ Ètùtù, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò kọjá torí pé àlùfáà, òbúkọ àti ìlànà ló kún inú rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ mú ọ̀kan nínú àjọ̀dún méjèèjì fún ẹ̀kọ́, ìwàásù tàbí ìpàdé àdúrà ni mo kọ èyí fún. Èrò tèmi ni pé ìṣòro tó wà lọ́kàn àwọn tó ń gbọ́ yín ló yẹ kó yan àjọ̀dún fún yín. Dídùn ìtàn kò tó.

Ibi tí wọ́n bọ́ sí nínú ọdún

Léfítíkù orí 23 to gbogbo àjọ̀dún Olúwa tẹ̀ lé ara wọn. Ìrékọjá bọ́ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní, láàárín Mars àti Épírì tiwa, Àjọ Àkàrà Àìwú sì tẹ̀ lé e fún ọjọ́ 7. Ọjọ́ Ètùtù, tí àwọn Júù ń pè ní Yom Kippur, bọ́ sí ọjọ́ kẹwàá oṣù keje, láàárín Sẹ̀tẹ́ńbà àti Òkítóbà. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ló wà láàárín wọn. Ìrékọjá àti Àkàrà Àìwú wà lára àjọ̀dún mẹ́ta tí gbogbo ọkùnrin gbọ́dọ̀ fi rìnrìn àjò wá síwájú Olúwa, gẹ́gẹ́ bí Deuteronómì 16 ṣe sọ. Ọjọ́ Ètùtù kò sí nínú mẹ́ta yẹn. Kò pọn dandan kí àgbẹ̀ tó wà ní Gálílì wá wo olórí àlùfáà lọ́jọ́ náà. Ibi tó bá wà ni yóò ti gbààwẹ̀, tí kò sì ní ṣiṣẹ́ kankan.

Ara kí ni wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ sí?

Bí ẹ bá ní àkókò fún kókó kan ṣoṣo, ẹ mú èyí.

Ní Íjíbítì, wọ́n fi ewé hísópù rẹ ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn, wọ́n sì fi kan òpó ilẹ̀kùn méjèèjì àti àtẹ́rígbà. Ìta ni ẹ̀jẹ̀ náà wà, lára ilé ènìyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi hàn pé àwọn tó wà nínú ilé yìí jẹ́ ti Olúwa, kí ikú tó ń kọjá má bàa yà síbẹ̀. Baálé ilé ló pa ẹran náà. Kò sí àlùfáà nílẹ̀ nígbà náà, wọn ò tíì fi Áárónì joyè. Nígbà tó yá, òfin gbé Ìrékọjá kúrò ní ẹnu ọ̀nà ilé, ó gbé e lọ sí ibi kan ṣoṣo tí Olúwa yàn. Nígbà ayé Jòsáyà ọba, ẹ ó rí i nínú Kíróníkà Kejì orí 35 pé àwọn ọmọ Léfì ló ń pa ẹran, tí àwọn àlùfáà ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wọn wọ́n ọn. Josephus, òpìtàn Júù ọ̀rúndún kìíní, kọ ọ́ pé wọ́n ka ẹran Ìrékọjá tó ju 250,000 lọ nínú ọdún kan ní Jerúsálẹ́mù. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àsọdùn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ irú èrò tó ń wọ́ lọ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ètùtù, inú ni ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Olórí àlùfáà á gbé e kọjá aṣọ ìkélé, á wọ Ibi Mímọ́ Jùlọ, á fi ìka wọ́n ọn sára ìtẹ́ àánú, ìyẹn ìdérí Àpótí Májẹ̀mú, àti síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀méje. Á jáde, á fi sára ìwo pẹpẹ. Kò sí ibi tí wọ́n ti wọ́n ọn sára ènìyàn kankan lọ́jọ́ yẹn. Ó máa ń ya àwọn tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu. Léfítíkù 16:16 sọ ìdí: ibi mímọ́ gan-an ni wọ́n ń ṣètùtù fún, nítorí àìmọ́ àti rírú òfin àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn dá nínú àgọ́ tirẹ̀, láàárín ọjà, lórí ibùsùn, gbogbo rẹ̀ ń lọ bà sórí ibùgbé Ọlọ́run tó wà láàárín wọn. Bí wọn ò bá sì wẹ̀ ẹ́ mọ́, Ọlọ́run kò ní máa gbé inú ẹ̀gbin pẹ̀lú wọn.

Nítorí náà, Ìrékọjá ń dáhùn ìbéèrè “Ta ni a jẹ́ tirẹ̀?” Ọjọ́ Ètùtù ń dáhùn èyí tó le jù: “Báwo ni Ẹni Mímọ́ ṣe lè máa bá irú wa gbé lọ?”

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti ẹnì kan ṣoṣo

Ìrékọjá jẹ́ ti ẹbí. Bí ilé kan bá kéré jù láti jẹ ọ̀dọ́ àgùntàn kan tán, wọ́n á pe aládùúgbò mọ́ra. Ọmọdé á béèrè ohun tí ìsìn náà túmọ̀ sí, bàbá á sì dáhùn. Àlejò lè jẹ níbẹ̀, bó bá ti gbà kí wọ́n kọlà fún gbogbo ọkùnrin ilé rẹ̀.

Ọjọ́ Ètùtù yàtọ̀ pátápátá. Ẹnì kan ló ń wọlé, Léfítíkù 16:17 sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sí nínú àgọ́ àjọ títí yóò fi jáde. Ṣáájú kó tó wọlé, á bọ́ aṣọ ògo rẹ̀ sílẹ̀, wúrà, òkúta iyebíye, ṣaworo tó ń dún létí aṣọ, á wọ aṣọ ọ̀gbọ̀ lásán. Akọ màlúù tí ó kọ́kọ́ pa, ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ àti ti ilé rẹ̀ ló wà fún. Mo fẹ́ràn kí n máa rán àwa tí a ń dúró níwájú ìjọ létí èyí: olórí ìsìn kò ní ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ará ìlú kí ó tó sọ ti ara rẹ̀. Èéfín tùràrí á bo ìtẹ́ àánú, kó má bàa kú. Wọn kò sì sọ ọ̀rọ̀ ikú yẹn láti fi dẹ́rù bani lásán, nítorí gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú orí náà ń rántí ọmọ Áárónì méjì tó kú nígbà tí wọ́n sún mọ́ Olúwa. Míṣínà, ìwé òfin àtẹnudẹ́nu àwọn Júù tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200, sọ pé kúkúrú ni àdúrà olórí àlùfáà máa ń jẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ̀rù má bàa ba àwọn tó ń dúró níta.

Òbúkọ méjì

Ìrékọjá kò ní ohunkóhun tó jọ èyí, òun náà ló sì mú kí Ọjọ́ Ètùtù ṣe gbòógì fún ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ ìdáríjì.

Wọ́n á mú òbúkọ méjì wá láti ọ̀dọ̀ ìjọ, olórí àlùfáà á sì ṣẹ́ kèké lé wọn lórí: ọ̀kan fún Olúwa, èkejì fún Asaseli, orúkọ tí Léfítíkù kò ṣàlàyé. Èyí tó jẹ́ ti Olúwa ni wọ́n ń pa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń wọlé. Èkejì wà láàyè. Áárónì á gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé e lórí, á sì fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ gbogbo àìṣedéédéé, rírú òfin àti ẹ̀ṣẹ̀ Ísírẹ́lì sórí rẹ̀. Ẹnì kan tí wọ́n ti yàn á fà á lọ sí aginjù, sí ilẹ̀ tí ènìyàn kì í gbé. Tó bá padà, á fọ aṣọ, á wẹ̀, kó tó wọ ibùdó. Nígbà Tẹ́ḿpìlì, gẹ́gẹ́ bí Míṣínà ṣe ròyìn rẹ̀, wọ́n máa ń so òwú pupa mọ́ ọn láàárín ìwo, wọ́n á sì tì í láti orí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó má bàa padà wálé. Òfin Léfítíkù fúnra rẹ̀ kò sọ pé kí wọ́n pa á.

Ẹ óò rí i pé nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Òbúkọ kìíní ń wẹ ibi mímọ́ mọ́. Èkejì ń gbé ẹ̀ṣẹ̀ kúrò láàárín ìlú, ojú gbogbo ènìyàn ló sì ń wò ó bó ṣe ń lọ. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ń dà láàmú máa ń fẹ́ rí èkejì yìí ju kìíní lọ.

Ẹnìkan nínú kíláàsì yín yóò sọ pé, “Ẹ̀yin tíṣà, ṣé kì í ṣe ẹbọ tí àwọn bàbá wa ń gbé lọ sí oríta nìyẹn?” Ẹ má bínú sí i, ìbéèrè gidi ni. Ẹ fi hàn án pé ní aginjù, kò sí pẹpẹ, wọn ò pa ẹran náà fún ẹnikẹ́ni, wọn ò sì fi bẹ Asaseli pé kó gba nǹkan. Kódà, orí tó tẹ̀ lé e, Léfítíkù 17:7, kà á léèwọ̀ fún Ísírẹ́lì láti rúbọ sí àwọn ẹ̀mí èṣù inú pápá. Ẹrù ni òbúkọ yẹn ń rù lọ.

Jíjẹ àti àìjẹun

Jíjẹ ni wọ́n fi ń ṣe Ìrékọjá. Ẹran sísun lórí iná, àkàrà àìwú, ewébẹ̀ kíkorò, bàtà lẹ́sẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́, egungun kankan kò gbọdọ̀ ṣẹ́, èyí tó bá kù di òwúrọ̀ á jóná. Lọ́jọ́ Ètùtù, ẹnikẹ́ni kì í jẹ. “Ẹ pọ́n ọkàn yín lójú” ni òfin náà, Míṣínà sì ka ohun márùn-ún tí wọ́n ń yẹra fún: oúnjẹ àti omi, ìwẹ̀, òróró pípa, bàtà wíwọ̀, àti ìbálòpọ̀ tọkọtaya. Ẹran màlúù àti òbúkọ tí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ wọn wọlé pàápàá, ẹ̀yìn ibùdó ni wọ́n ti ń sun ún. Ààwẹ̀ yìí gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27:9 fi pè é ní “Ààwẹ̀” lásán, láìṣàlàyé, nígbà tí Lúùkù ń sọ pé ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi lè rìn láìséwu ti kọjá.

Bí ènìyàn bá pàdánù ọjọ́ náà

Ìrékọjá ní àǹfààní kejì. Númérì orí 9 sọ pé ẹni tó bá di aláìmọ́ nítorí òkú, tàbí tó wà ní ìrìn àjò jíjìn, lè ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì. Hesekáyà ọba lo àǹfààní yìí fún odindi orílẹ̀-èdè. Nínú Kíróníkà Kejì orí 30, ọ̀pọ̀ láti Éfúráímù, Mánásè, Ísákárì àti Sébúlúnì jẹ Ìrékọjá láìtíì ya ara wọn sí mímọ́, ọba sì bẹ Olúwa pé kó dárí jì wọ́n. Ọlọ́run gbọ́. Ó wù mí pé kí àwọn tó ń lé ènìyàn kúrò nídìí tábìlì Olúwa nítorí nǹkan kékeré máa ka orí yẹn dáadáa.

Ọjọ́ Ètùtù kò ní oṣù kejì. Ẹni tí kò bá pọ́n ọkàn rẹ̀ lójú lọ́jọ́ náà, Léfítíkù 23 ní a ó gé e kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀.

Àwọn àjọ̀dún tó kù ńkọ́?

Ní ṣókí: ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ kò fi àjọ̀dún kankan sílẹ̀. Númérì 28 àti 29 fi òbúkọ kan fún ẹ̀ṣẹ̀ sí gbogbo àjọ̀dún, títí kan ọjọ́ oṣù tuntun àti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú Àkàrà Àìwú. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé Ìrékọjá kò kan ẹ̀ṣẹ̀ rárá kò tọ̀nà tán. Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ní òbúkọ tiwọn, ọ̀dọ́ àgùntàn inú ilé ni kò ṣe iṣẹ́ yẹn. Àjọ Ọ̀sẹ̀, Pẹ́ńtíkọ́sì, ní ìṣù àkàrà méjì tó ní ìwúkàrà. Àjọ Ìpè wà fún fífun ìpè.

Àjọ Àgọ́ ló fa ojú mi mọ́ra jù nínú àwọn tó kù. Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn Ọjọ́ Ètùtù ló bẹ̀rẹ̀, òfin sì pàṣẹ ayọ̀. Ní ọjọ́ kìíní, akọ màlúù 13; ní ọjọ́ kejì, 12; bẹ́ẹ̀ ló ń dín kù títí di 7 ní ọjọ́ keje. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 70, àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ òfin Júù, inú Tálímúdì, ìwé ńlá àlàyé wọn lórí Míṣínà, sì sọ pé fún orílẹ̀-èdè 70 ayé ni. Ọ̀pọ̀ ìjọ wa ń fi àjọ yìí ṣe ẹsẹ Bíbélì ọjọ́ ìkórè. Kò burú, ṣùgbọ́n òbúkọ ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, a kì í sì í gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pe àwọn baba ìsàlẹ̀ wá dá owó.

Ohun tí méjèèjì kò lè ṣe

Ẹ má ṣe fo ibí yìí. Ẹni tó bá jí nǹkan, tó lu ẹnìkejì ní jìbìtì, tàbí tó rí ohun tó sọnù tó sì sẹ́, Léfítíkù 6:1-7 ní kó kọ́kọ́ dá a padà, kó fi ìdá márùn-ún rẹ̀ kún un. Ẹni tó jẹ 100,000 náírà á san 120,000 fún ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà ni yóò tó mú àgbò ẹbọ ẹ̀bi wá. Míṣínà sọ ọ́ ní gbangba: ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín ènìyàn àti Ọlọ́run, Ọjọ́ Ètùtù ń bò ó, èyí tó wà láàárín ènìyàn àti ẹnìkejì rẹ̀, kò bò ó títí yóò fi lọ bẹ ẹni náà. Ẹni tó bá sì ń sọ lọ́kàn pé “màá ṣẹ̀, Ọjọ́ Ètùtù á bò ó,” kò bò ó.

Ẹ tún ṣọ́ra fún gbólóhùn tí a máa ń pariwo, pé láìsí ẹ̀jẹ̀ kò sí ìdáríjì. Hébérù 9:22 fúnra rẹ̀ ní “ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́” ohun gbogbo ni òfin ń fi ẹ̀jẹ̀ wẹ̀. Léfítíkù 5:11 gba tálákà tí kò lágbára ẹyẹlé méjì láyè láti mú ìyẹ̀fun kíkúnná wá fún ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, a ó sì dárí jì í. Ní òdìkejì, Númérì 15 sọ pé ẹni tó bá fi ìgbéraga ṣẹ̀, tó mọ̀ọ́mọ̀ na ọwọ́ sókè sí Olúwa, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ á wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún 70

Nígbà tí àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì ní ọdún 70, àjọ̀dún méjèèjì pàdánù ẹran wọn, ṣùgbọ́n wọn kò parẹ́. Àwọn Júù ń ṣe Ìrékọjá nílé, lórí tábìlì, pẹ̀lú ìtàn, àkàrà àìwú àti ewébẹ̀ kíkorò. Àwọn ará Samáríà nìkan ló ṣì ń pa ọ̀dọ́ àgùntàn, lórí òkè Gérísímù nítòsí Nablus, títí di òní. Lọ́jọ́ Ètùtù, àwọn Júù ń gbààwẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 25, wọ́n ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́pọ̀, kì í ṣe “mo ṣẹ̀” bí kò ṣe “a ti ṣẹ̀”, wọ́n ń ka ìwé Jónà ní ọ̀sán, wọ́n sì ń fun ìwo àgbò ní ìparí. Wọ́n ń sọ nípa Rábì Yohanan ben Zakkai pé nígbà tí ẹnìkan ń sunkún lórí àwókù Tẹ́ḿpìlì, ó fi Hóséà 6:6 tù ú nínú: àánú ṣíṣe wà nílẹ̀, ètùtù ni òun náà.

Nínú Májẹ̀mú Tuntun, ọwọ́ méjì ni wọ́n fi mú un. Pọ́ọ̀lù pe Kristi ní Ìrékọjá wa nínú Kọ́ríńtì Kìíní 5:7; Jòhánù sọ pé wọn kò ṣẹ́ egungun rẹ̀. Ìwé Hébérù fi Ìrékọjá sílẹ̀, ó bá olórí àlùfáà wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Jòhánù 1:29 ló kó wọn pọ̀, lójú tèmi: Ọ̀dọ́ Àgùntàn bíi ti Ìrékọjá, tó ń kó ẹ̀ṣẹ̀ lọ bíi ti òbúkọ aginjù. Mo fura pé ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀, tí a fi ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sínú Ẹ́kísódù 12.

Èwo ni kí ẹ mú?

Fún àwọn ọmọdé, àwọn tó ń múra ìrìbọmi, àti ìsìn Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa: Ìrékọjá. Ìdílé, ìdáǹdè àti ìbẹ̀rẹ̀ ayé tuntun ló wà níbẹ̀, Jésù fúnra rẹ̀ sì jókòó jẹ ẹ́.

Fún ẹni tí ohun tó ṣe sẹ́yìn ń lé kiri, tó ti gbààwẹ̀ títí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀: Ọjọ́ Ètùtù, pàápàá òbúkọ kejì. Ẹ jẹ́ kó fojú inú wo bó ṣe ń lọ tí kò padà. Òun náà ni kí ẹ mú fún ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ, nítorí akọ màlúù tí àlùfáà kọ́kọ́ pa fún ara rẹ̀.

Fún ẹni tó ń jẹ ẹlòmíràn lówó, tàbí tó gba ilẹ̀ ọmọ òrukàn, ẹ má mú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Léfítíkù 6 ni tirẹ̀, pẹ̀lú ìdá márùn-ún lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi Ọjọ́ Ètùtù ṣáájú bí àwọn tó ń gbọ́ yín bá ti dàgbà nínú ìjọ. Wọ́n ti mọ Ìrékọjá sórí, etí wọn kì í gbọ́ ọ mọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ ẹni tuntun, ẹ tẹ̀ lé ètò Bíbélì: ìdáǹdè ní oṣù kìíní, ẹ̀ṣẹ̀ ní oṣù keje. Ísírẹ́lì ti kúrò ní oko ẹrú kí ẹnikẹ́ni tó ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn sórí òbúkọ.